Ọwọ́ Tí Wọ́n Bọ́ Sí: Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Tí Ìlú Ọba Kó Lọ sí Ọsirélíà

Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 1790, ọkọ̀ òkun mẹ́ta wọ èbúté Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Surprize, Neptune àti Scarborough ni orúkọ wọn, ẹlẹ́wọ̀n láti Ìlú Ọba ni wọ́n sì kó. Richard Johnson, àlùfáà tó wà pẹ̀lú àwọn tó ti ṣáájú dé ìlú náà, wọ inú Surprize lọ wò wọ́n. Ó bá èèyàn nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Òmíràn wà ní ìhòòhò, òmíràn ò lè dìde, òmíràn ò tilẹ̀ lè yíra padà, bẹ́ẹ̀ ni iná ń rìn káàkiri ara wọn. Ti Neptune burú jù bẹ́ẹ̀ lọ débi pé àlùfáà náà ò gbìyànjú àtisọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé wọn jáde, àwọn kan kú lórí ọkọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti fẹ́ sí wọn lára, àwọn kan kú nínú ọkọ̀ kékeré tó ń gbé wọn lọ sí etí omi. Nínú nǹkan bí 1,000 ẹlẹ́wọ̀n tó wọ ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lé ní 250 tó ti kú lójú òkun kí wọ́n tó débẹ̀.

Ta ló kó wọn? Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, Camden, Calvert and King, òwò ẹrú sì ni wọ́n ń ṣe. Àwọn yìí ló máa ń kó èèyàn dúdú láti etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ tà ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n fún wọn, irú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú náà ni wọ́n lò: irin kúkurú tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó jẹ́ pé bí ìgbì bá ti mi ọkọ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á ṣubú ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sanwó ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pátápátá. Pọ́n-ùn 17, ṣílè 7 àti sísì kan ni ìjọba san lórí ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè iye tó sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ẹni tó bá tètè kú, oúnjẹ rẹ̀ di ti ọ̀gá ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Sydney, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ pàtẹ ọjà, wọ́n sì ń tà á ní ọ̀wọ́n fún ìlú tí ebi ń pa.

William Hill, ọ̀gá ológun kan tó bá ọkọ̀ náà wá, kọ lẹ́tà sílé pé òwò ẹrú ní àánú ju ohun tí òun rí lọ, nítorí ẹni tó ra ẹrú máa ń fẹ́ kó dé ọjà láàyè. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti kó àìmọye èèyàn gba Wída, Àgbádárìgì àti Èkó lọ kò lè gbà pé àánú kankan wà nínú òwò yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọ̀gá ológun náà ń tọ́ka sí. Ìjọba tó ka ẹlẹ́wọ̀n lórí, tó sanwó, tí kò sì béèrè bóyá yóò yè, ti dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí adájọ́ dá ọdún méje fún.

Láti ọdún 1788 títí di 1868, nǹkan bí 162,000 èèyàn ni Ìlú Ọba kó lọ sí Ọsirélíà bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 25,000 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Ọdún méje, ọdún mẹ́rìnlá tàbí gbogbo ọjọ́ ayé ni ilé ẹjọ́ sábà máa ń dá fún wọn. Bí a bá tọ ìtàn wọn dáadáa, a ó rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ kọ́ ló pinnu bí ayé wọn ṣe rí lọ́hùn-ún, iye ọdún tí adájọ́ kà náà kọ́. Ọwọ́ tí oníkálukú bọ́ sí ni: ọwọ́ ọ̀gá ọkọ̀, ọwọ́ olóko, ọwọ́ gómìnà, ọwọ́ wọ́dà. Olè méjì gba ìdájọ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan di olówó, èkejì kú sábẹ́ pàṣán. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìjìyà náà kò ní òdodo nínú, bó ti wù kí ìwé òfin tó gbé e kalẹ̀ nípọn tó.

Àṣà kíkó ẹlẹ́wọ̀n jáde nílé ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láàárín ọdún 1718 tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ sí ìgbà tí Amẹ́ríkà dìde ogun òmìnira, nǹkan bí 50,000 ni wọ́n kó lọ síbẹ̀, tí àwọn olóko Virginia àti Maryland ń ra iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ogun dí ọ̀nà yẹn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kún àkúnwọ́sílẹ̀, wọ́n bá sọ ògbólógbòó ọkọ̀ ogun tí kò lè rìn mọ́ di ẹ̀wọ̀n lórí odò Thames. Wọ́n tiẹ̀ dán ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín wò. Wọ́n kó àwọn kan wá sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, ibà sì pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ní ọdún 1785 wọ́n tún gbèrò láti da ẹlẹ́wọ̀n sí erékùṣù Lemain nínú odò Gambia. Edmund Burke ta ko ó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ikú ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ sí, ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sì kọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yíjú sí Botany Bay ní Ọsirélíà, tí James Cook, atukọ̀ òkun wọn, ti dé ní ọdún 1770.

Àwọn wo gan-an ni wọ́n ń kó? Olè jíjà ni ẹ̀sùn tó pọ̀ jù, olè ohun tí kò tó nǹkan sì ni. Òfin Ìlú Ọba nígbà náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tó lé ní 200 tí wọ́n lè yẹgi fún èèyàn lé lórí, tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n yí ikú rẹ̀ padà sí ìgbèkùn a máa dúpẹ́. Mary Wade kò ju ọmọ ọdún 11 lọ nígbà tí òun àti ọmọbìnrin mìíràn bọ́ aṣọ lára ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 1789, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá ẹjọ́ ikú fún un. Wọ́n yí i padà, wọ́n sì fi ọkọ̀ Lady Juliana gbé e lọ. John Hudson, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gun inú ihò èéfín lọ gbá a, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tó jalè. Òun náà lọ. Ní ọdún 1834, wọ́n fi ọdún méje ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ alágbàṣe mẹ́fà láti abúlé Tolpuddle, nítorí wọ́n búra fún ara wọn nígbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ireland tó gbógun ti ìjọba ní ọdún 1798 náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí oníwà ipá láàárín wọn, wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọ̀wọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan yàtọ̀. Ọkọ̀ 11 ló ṣí ní Portsmouth ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1787, Arthur Phillip ni olórí wọn. Wọ́n lò ju oṣù mẹ́jọ lọ lójú omi, wọ́n dúró ní Tenerife, Rio de Janeiro àti Cape Town, Phillip sì ń ra ẹran àti èso tútù fún wọn níbi tí wọ́n bá dúró. Àwọn tó kú nínú gbogbo ìrìn àjò náà kò ju bí 50 lọ nínú èèyàn tó lé ní 1,000. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1788 ni wọ́n ta àsíá ní Sydney. Phillip pàṣẹ pé ìwọ̀n oúnjẹ kan náà ni kí ẹlẹ́wọ̀n àti sójà máa jẹ, èyí sì bí àwọn ọ̀gá sójà nínú gidigidi. Nígbà tí sójà mẹ́fà jí oúnjẹ inú àká ìjọba ní ọdún 1789, ó yẹgi fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ti kọ́kọ́ yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n kan, Thomas Barrett, lórí oúnjẹ bákan náà, nígbà tí wọn ò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹjọ́ kan wáyé ní ọdún 1788 yẹn tó yẹ kí àwọn agbẹjọ́rò wa mọ̀. Henry Kable àti Susannah ìyàwó rẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n méjèèjì, ní ẹrù tí àwọn aláàánú dá owó rà fún wọn ní Ìlú Ọba. Ẹrù náà sọnù nínú ọkọ̀ Alexander. Ní òfin ilé, irú wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ní Sydney, ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì ní kí ọ̀gá ọkọ̀ san pọ́n-ùn 15 fún wọn. Bí ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn nílẹ̀ náà ṣe lọ nìyẹn: ẹlẹ́wọ̀n borí ọ̀gá ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé dá ẹjọ́ kì í ṣe tiwọn. Àwọn Gadigal ló ni etí omi yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹnì kankan ò sì bá wọn dúnàá dúrà. Ní ọdún 1789, ṣànpọ̀nná wọ àárín wọn, ó sì gbá wọn lọ rẹpẹtẹ. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi tipátipá mú wá di ọwọ́ tí ìjọba fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Mo máa padà sórí èyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n Sydney máa ń ṣe iṣẹ́ ìjọba títí di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn náà ó lè lọ ṣiṣẹ́ gbowó fún ara rẹ̀. Ẹni tó mọ ìwọ̀fà á rí i pé ó jọ ọ́: ìwọ̀fà ń sin olówó láàárọ̀, ó ń lọ sí oko tirẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sì di ẹrú. Ọmọ tí ẹlẹ́wọ̀n bá bí náà, òmìnira ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ní ẹbí nítòsí tí wọ́n lè wá bá olówó sọ̀rọ̀ bí ìyà bá pọ̀ jù. Ẹlẹ́wọ̀n tí òkun ti gé kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ta ni yóò bá a bẹ ẹnikẹ́ni?

Nígbà tó yá, wọ́n ń pín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún àwọn olóko àti oníléeṣẹ́. Olóko á fún un ní oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn, òun á sì ṣiṣẹ́ láìgbowó. Òfin kò gbà kí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ na ẹlẹ́wọ̀n. Adájọ́ àgbègbè ló gbọ́dọ̀ mú un lọ bá. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n ta ni adájọ́ àgbègbè? Olóko tó múlé ti ọ̀gá náà ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà sì ní ẹlẹ́wọ̀n tirẹ̀ tí ẹni yìí á dá ẹjọ́ wọn lọ́la. Ọ̀lẹ, àfojúdi, ọtí, ìwò burúkú: ọ̀kọ̀ọ̀kan tó láti gba ẹgba 25 tàbí 50, pàṣán olókùn mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi ń nà á. Ẹni tí wọ́n dá ọdún méje fún lè gba ìwé ìyọ̀ǹda lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kó máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá gbogbo ayé fún, ó di ọdún mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀gá tó ń bínú lè fa ìwé náà ya.

Ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ rere, ayé yẹ ẹ́. Gómìnà Lachlan Macquarie, tó jẹ láti ọdún 1810 sí 1821, gbà pé ẹni tó bá ti parí ìjìyà rẹ̀ ti di èèyàn bí èèyàn. Francis Greenway, tí wọ́n kó lọ nítorí pé ó yí ìwé nílé, ló ya àwòrán púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ìjọba, títí kan Hyde Park Barracks tí wọ́n ṣí ní ọdún 1819 fún ẹlẹ́wọ̀n ọkùnrin. Mary Reibey, tó múra bí ọkùnrin jí ẹṣin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, di ìyálọ́jà ńlá tó ní ọkọ̀ òkun. Òun ló wà lórí owó 20 dọ́là Ọsirélíà lónìí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti dókítà William Redfern. Wọ́n kó o lọ nítorí pé ó dá sí ọ̀tẹ̀ àwọn atukọ̀ ogun ní ọdún 1797. Ní ọdún 1814, òun ló kọ ìròyìn lórí ìdí tí èèyàn fi ń kú nínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n: ìdọ̀tí, àìsí afẹ́fẹ́, dókítà tí kò láṣẹ lórí ọ̀gá ọkọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí fi dókítà aláṣẹ sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ikú sì dínkù gan-an. Ẹlẹ́wọ̀n ló gba ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n là, ìwé ìtàn kò sì pariwo rẹ̀ tó.

Ẹni tí kò bọ́ sọ́wọ́ rere ńkọ́? Ní ọdún 1800, wọ́n fura sí àwọn ọmọ Ireland pé wọ́n kó ohun ìjà pamọ́. Joseph Holt, tó wà níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe na ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Paddy Galvin, ní 300 ẹgba kó lè jẹ́wọ́. Wọ́n na ẹ̀yìn rẹ̀ títí egungun fi yọ, wọ́n sún sísàlẹ̀, wọ́n tún sún sísàlẹ̀. Kò dárúkọ ẹnì kankan.

Àwọn obìnrin, ilé iṣẹ́ aláṣọ ni wọ́n ń kó wọn sí, èyí tó wà ní Parramatta àti èyí tí wọ́n ṣí ní Cascades, Hobart, ní Tasmania, ní ọdún 1828. Wọ́n ń ran òwú àgùntàn níbẹ̀, wọ́n ń fọṣọ. Ọkùnrin tó ń wá ìyàwó lè gbàwé wá yàn níbẹ̀. Wọ́n fi àwọn yòókù ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé, níbi tí kò sí ẹni tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ baálé bó bá ní èrò burúkú. Bí oyún bá dé, obìnrin ni wọ́n á dá padà láti lọ jìyà. Kò sẹ́ni tó máa bi baálé. Wọ́n ń gba ọmọ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tó bá já lẹ́nu ọmú, ọ̀pọ̀ ọmọ jòjòló ló sì kú ní Cascades. Wọ́n ń fá irun orí wọn láti dójú tì wọ́n. Ní ọdún 1827, nígbà tí wọ́n dín oúnjẹ kù ní Parramatta, àwọn obìnrin náà já ilẹ̀kùn, wọ́n rọ́ wọ ìgboro lọ gba búrẹ́dì àti ẹran fúnra wọn. Inú mi dùn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá tún ṣẹ̀ ní Sydney ni wọ́n ń kó lọ sí erékùṣù Norfolk. Ní ọdún 1834, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ kan, àlùfáà Kátólíìkì William Ullathorne lọ síbẹ̀ láti sọ fún àwọn tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tó máa kú àti ẹni tó máa yè. Àwọn tó gbọ́ pé àwọn máa yè ń sunkún. Àwọn tó gbọ́ pé àwọn máa kú kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ọdún 1840, Alexander Maconochie di ọ̀gá lórí erékùṣù kan náà. Ó ní kí ẹlẹ́wọ̀n máa fi iṣẹ́ àti ìwà gba máàkì, kó sì fi máàkì ra òmìnira rẹ̀. Ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria, ó ṣí gbogbo ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó tó nǹkan bí 1,800. Wọ́n jẹ, wọ́n ṣeré orí ìtàgé, wọ́n lúwẹ̀ẹ́, nígbà tó dalẹ́ wọ́n padà sẹ́wọ̀n láìsí ìjà. Ìjọba yọ ọ́ nípò ní ọdún 1844, ìkà sì padà. Wọn ò pààrọ̀ erékùṣù, wọn ò pààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ní Port Arthur ní Tasmania, wọ́n tún mú ọgbọ́n mìíràn wá: ìdákẹ́jẹ́. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1849, ẹlẹ́wọ̀n ń dá gbé yàrá, wọ́n ń bo ojú rẹ̀ bó bá jáde, kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n fi pákó là wọ́n láàárín. Wọ́n rò pé ó sàn ju pàṣán lọ. Orí ọ̀pọ̀ dàrú. Òdìkejì omi ibẹ̀ ni Point Puer wà, ẹ̀wọ̀n àwọn ọmọkùnrin, láti ọdún 1834 sí 1849. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà níbẹ̀.

Mo ní màá padà sórí àwọn onílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1838, ní Myall Creek, ọkùnrin 12 kó àwọn Wirrayaraay tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, ó kéré tán 28, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù, wọ́n sì pa wọ́n. Mọ́kànlá nínú àwọn apààyàn náà jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tàbí ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ẹnì kejìlá, John Fleming, tí wọ́n bí sí òmìnira, ni aṣáájú wọn. Wọ́n yẹgi fún méje, ó sì tọ́ sí wọn. Fleming sá lọ, ẹnì kankan ò gbé e dé ilé ẹjọ́ títí tó fi kú. Ìyà tí èèyàn jẹ kì í sọ ọ́ di aláàánú fúnra rẹ̀, òfin ìlú yẹn sì ṣì mọ ẹni tí yóò mú àti ẹni tí yóò fi sílẹ̀.

Èèyàn dúdú wà láàárín wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. John Caesar bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá. Ebi lé e wọ igbó léraléra, gómìnà fi ọtí ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá mú un, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ọdún 1796. Billy Blue, tí wọ́n kó lọ nítorí ṣúgà tó jí, di awakọ̀ ojú omi tí gbogbo Sydney mọ̀, wọ́n sì ń pe ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Blues Point títí di òní. William Cuffay, télọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọkùnrin tó ti ṣe ẹrú ní St Kitts, ń jà kí òṣìṣẹ́ lè dìbò. Wọ́n dá gbogbo ayé fún un ní ọdún 1848, wọ́n sì kó o lọ sí Tasmania. Wọ́n dárí jì í ní ọdún 1856. Ó dúró síbẹ̀, ó ń bá ìjà òṣìṣẹ́ lọ. Ilé àwọn aláìní ní Hobart ló kú sí ní ọdún 1870.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin tí Molesworth darí ní ọdún 1837 àti 1838 sọ ọ́ ní gbangba pé pípín ẹlẹ́wọ̀n fún olóko kò yàtọ̀ sí oko ẹrú. Ní ọdún 1840 wọ́n dá kíkó wọn lọ sí New South Wales dúró, Tasmania tẹ̀ lé e ní ọdún 1853. Àánú nìkan kọ́: àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wá ò fẹ́ bá òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ du iṣẹ́, wọ́n sì ti rí wúrà ní ọdún 1851, ta ni yóò fi olè ránṣẹ́ síbi tí ẹni tó ní òmìnira ń sanwó ọkọ̀ láti lọ? Ìhà ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà nìkan ló ṣì ń gba ẹlẹ́wọ̀n. Ọkọ̀ Hougoumont, tó gúnlẹ̀ sí Fremantle ní oṣù kìíní ọdún 1868, ló kó àwọn tó kẹ́yìn.

Ìwé ẹjọ́ Old Bailey wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ní Sydney, Hobart àti Perth, UNESCO sì ti fọwọ́ sí wọn ní ọdún 2007 bí ohun ìrántí gbogbo ayé. Orúkọ àwọn èèyàn dúdú wà nínú wọn tí ẹnì kankan láti ọ̀dọ̀ wa ò tíì tọ ìpilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ẹ̀yin tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Sydney, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àwọn ìwé náà, kí ẹ sì wá wọn rí.